Lógò pẹlẹbẹ, ọnà tó yọ lójú igi: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin

Ẹyẹ idì aláwọ̀ búlúù kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lógò róbótó ni: ẹyẹ búlúù na ìyẹ́ apá rẹ̀ sórí ilẹ̀ funfun, òrùka yẹ́lò yí i ká, lẹ́tà pupa sì tò sínú òrùka náà. Mo gbé àwòrán yẹn sínú sọ́fítíwíà, mo tẹ bọ́tìnì tó ní òun á sọ àwòrán di ọnà, mo sì fi ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, sílẹ̀ kó máa jẹ igi lọ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí mo fẹ́ eruku kúrò, ẹyẹ ti di kòtò. Ilẹ̀ funfun tó yẹ kó wà lẹ́yìn ló ga ju gbogbo rẹ̀ lọ, òrùka fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, lẹ́tà sì rì sínú òrùka bí òkúta tó já sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Bí sọ́fítíwíà bá fẹ́ sọ àwòrán aláwọ̀ di gíga, yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di àwọ̀ eérú, láti 0 tí í ṣe dúdú kirikiri dé 255 tí í ṣe funfun báláú. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ fún èyí kì í ka àwọ̀ sí bákan náà: ó ń gba nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ pupa, 59 lọ́wọ́ àwọ̀ ewé, 11 péré lọ́wọ́ búlúù, nítorí pé bí ojú èèyàn ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Búlúù tí kò lábùlà wá di 29, pupa di 76, yẹ́lò di 226, funfun dúró sí 255. Bí ẹ bá ní kí ọnà náà ga ní mìlímítà 12, funfun yóò dé 12, yẹ́lò yóò dé 10.6, pupa 3.6, ẹyẹ mi yóò sì sùn sílẹ̀ ní 1.4. Lẹ́tà pupa tí wọ́n fẹ́ kí tọmọdé tàgbà kà rì ní mìlímítà 7 sínú òrùka tó gbé e.

Ẹni tó ya lógò ò ronú kan igi rárá. Bí yóò ṣe hàn lórí bébà àti lójú fóònù ló ń rò. Ta ló wà níwájú, ta ló wà lẹ́yìn, ibo ló wú, ibo ló tẹ́jú: kò sí ọ̀kankan nínú fáìlì yẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí ti yà síra gan-an nìyẹn. Mo fún wọn lórúkọ kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn: fífín V, pèpéle, eérú, àti mímọ (bí ẹni ń mọ amọ̀).

Àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fáìlì onílà lọ́wọ́ ẹni tó ni lógò, ìyẹn SVG tàbí PDF tí wọ́n fi ìlà yà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, JPG kékeré tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà kọjá lórí WhatsApp ni wọn yóò fi ránṣẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí àwòrán bá ní píksẹ́ẹ̀lì (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 200 ní fífẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ gbẹ́ ẹ ní mìlímítà 300, píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó mìlímítà 1.5. Etí ìyẹ́ ẹyẹ á wá rí bí àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ 1,000, ó di 0.3, èyí sì ṣeé bá ṣiṣẹ́.

JPG tún ní àrékérekè tirẹ̀. Ẹyọ-ẹyọ onípíksẹ́ẹ̀lì 8 níbùú, 8 lóròó, ló fi ń fún àwòrán pọ̀, ó sì máa ń fi èérún wínníwínní sílẹ̀ létí ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n bíìtì, irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gé igi, rí i. Yóò gbẹ́ ẹ síta bí èéyi.

Inkscape, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan fún yíya ìlà, lè yí àwòrán po kó sì fà ìlà jáde nínú rẹ̀. Ẹ má gba èyí tó bá fà bó ṣe wà. Ẹ yọ ojú-kókó (àwọn àmì tó ń di ìlà mú) tó pọ̀ jù lójú ìlà, ẹ tún àwọn obìríkítí yà ní obìríkítí tòótọ́. Ní ti lẹ́tà, ẹ wá fọ́ǹtì rẹ̀ kí ẹ tún un tẹ̀. Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fà jáde láti inú JPG máa ń rí bí ẹni pé eku ti jẹ ẹ́ létí. Mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà, nítorí náà wákàtí kan tí ẹ bá lò níbí kì í ṣòfò.

Fífín V àti pèpéle: àwọn méjì tí kò purọ́

Bíìtì V rí ṣóńṣó lẹ́nu. Níbi tí ìlà bá ti fẹ̀, ó wọlẹ̀ jìn. Níbi tó bá ti tín-ín-rín, ó gòkè. Bó bá dé igun lẹ́tà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi jáde, ìdí nìyẹn tí igun fi ń mú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí bíìtì olórí róbótó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pinnu jíjìn níbí. Fífẹ̀ ìlà ló ń pinnu rẹ̀. Pẹ̀lú bíìtì 90 dígíríì, jíjìn jẹ́ ìdajì fífẹ̀. Pẹ̀lú ti 60, ẹ fi 0.87 ṣe ìlọ́po fífẹ̀. Lẹ́tà tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 6 yóò jìn ní 3 lábẹ́ bíìtì 90, tàbí 5.2 lábẹ́ 60. Ó dára fún lẹ́tà. Àmọ́ àyà ẹyẹ mi fẹ̀ tó mìlímítà 40, bíìtì 90 á sì fẹ́ wọlẹ̀ dé 20 kó tó gbà pé òun ti parí. Pákó mìíràn ò nípọn tó bẹ́ẹ̀. A lè dè é mọ́lẹ̀, ká ní kó má kọjá 4, kí bíìtì pẹlẹbẹ wá kó ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tí ẹ máa rí ni àwòrán ẹyẹ tó mọ́ tónítóní, tí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò sì ní ẹran lára.

Ọ̀tá fífín V ni pákó tí ojú rẹ̀ ò tẹ́jú. Bí ibì kan bá fi mìlímítà 1 ga ju ibòmíràn lọ, ìlà tí bíìtì 90 fín yóò fi mìlímítà 2 fẹ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́tà kan á sanra, èkejì á gbẹ. Ẹ fi bíìtì gbàgẹ̀rẹ̀ há ojú pákó lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti pèpéle, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìpele tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń sọ ọ́. Ilẹ̀ funfun wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òrùka ga ní 3, ẹyẹ ga ní 5, lẹ́tà sì dúró sórí òrùka. Bíìtì pẹlẹbẹ ló ń ṣe é, kò sì pẹ́. Àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀nà yìí pé kò jọ ọnà, ṣùgbọ́n èmi ò bá wọn gbà. Lógò tí wọ́n fi onígun mẹ́ta, obìríkítí àti ìlà gbọọrọ yà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á pẹlẹbẹ ni. Bí ẹ bá fipá fún un ní ikùn, yóò jọ kẹ́ìkì tó wú níbi tí kò yẹ. Ìpele mìlímítà 3 tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán máa ń ju òjìji tó ṣeé rí láti òkèèrè, ọ̀dà kọ̀ọ̀kan sì máa ń dúró ní àyè rẹ̀ láìtàn mọ́ èkejì.

Àbùkù rẹ̀ wà ní igun inú. Bíìtì mìlímítà 3 yóò fi ìyípo 1.5 sílẹ̀ ní gbogbo igun inú, àlàfo tí kò bá sì tó 3 kò ní wọ̀ ọ́ rárá. Nítorí náà ẹ wá àlàfo tó kéré jù nínú lógò yín, ẹ wọ̀n ọ́, kí ẹ tó ra bíìtì. Inú lẹ́tà "e" àti "a" ló sábà máa ń jẹ́.

Eérú àti mímọ: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lè mú kí ẹ rò pé mo kórìíra ọ̀nà eérú. Rárá o. Àwòrán eérú tí funfun rẹ̀ jẹ́ òkè, tí dúdú rẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀, jẹ́ ọ̀nà tó yè kooro láti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn gba eérú yẹn láti inú àwọ̀ lógò. Ẹ pa àwọ̀ tì. Ẹ ṣí ìlà yín nínú GIMP tàbí Krita, tí wọ́n jẹ́ sọ́fítíwíà fún kíkun àwòrán, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín kun ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní eérú tó bá gíga tí ẹ fẹ́ mu. Ẹ fi àwọ̀ tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀ sí ìyẹ́, kó lè dà gẹ̀rẹ́. Báyìí, ẹ̀yin lẹ pinnu.

Kódà bẹ́ẹ̀, ọ̀fìn méjì wà. Àkọ́kọ́, 256 péré ni ìpele tó wà nínú àwòrán bíìtì-8 (bíìtì ti kọ̀ǹpútà nìyí, kì í ṣe irin tó ń gé igi). Fún gíga mìlímítà 12, ìpele kan tó 0.047, igi ò sì ní fi í hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju ogún eérú lọ, tí ẹ wá nà án kó kún mìlímítà 12, ìpele kọ̀ọ̀kan á di 0.6, ìyẹ́ ẹyẹ á sì di oko orí òkè tí wọ́n gé ní pèpéle. Ẹ ṣiṣẹ́ ní PNG oníbíìtì-16, tó ní ìpele 65,536, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá fi í pa mọ́ ní JPG lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti padà sí 256 nìyẹn. Ìkejì, etí. Níbi tí 200 ti bọ́ sí 0 láàárín píksẹ́ẹ̀lì kan, bèbè gíga ni, bíìtì olórí róbótó ò sì lè gé ẹsẹ̀ bèbè kó mú. Àwọn kan máa ń fi ìdarí tó ń sọ àwòrán di bàìbàì tún un ṣe. Ó ń pa èérún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún ń yo etí gbogbo nǹkan bí ọṣẹ. Inú ẹ̀yà nìkan ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ dáàbò bo etí.

Àwọn tó ń bi mí nípa AI ti ń pọ̀ sí i. Irú ètò bíi MiDaS tàbí Depth Anything, fọ́tò ni wọ́n kọ́ wọn láti máa wò: wọ́n ń wo òjìji, wọ́n ń wo bí nǹkan ṣe ń kéré bó ṣe ń jìnnà, wọ́n wá ń fojú díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Lógò pẹlẹbẹ ò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyẹn, àfi kí wọ́n máa méfò. Èyí tó ń yá àwòrán tuntun "tó jọ ọnà igi" tún léwu jù, nítorí pé ó ń rẹwà lójú. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ṣe ẹwà rẹ̀: apá kan ìyẹ́ mọ́lẹ̀, apá kejì ṣókùnkùn. Ẹ gbé e fún ẹ̀rọ, apá tó ṣókùnkùn á di kòtò, a ó sì padà sórí ẹyẹ mi. Ó wúlò gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe tí ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń mọ tiyín.

Mímọ ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún ohun tó bá ní ẹ̀mí. Ìlà lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á sì gba ìrísí tirẹ̀: èyí á wú bí ikùn igbá, èyí á tẹ́jú, èyí á dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ó wá sọ bí wọn yóò ṣe pàdé: kí ọ̀kan gorí èkejì, kí wọ́n yọ́ pọ̀, tàbí kí ọ̀kan gbẹ́ kúrò lára èkejì. Sọ́fítíwíà Aspire ti ilé iṣẹ́ Vectric ń ṣe èyí; àbúrò rẹ̀ VCarve lè gbẹ́ ọnà tí ẹlòmíràn ti mọ, kò kàn lè mọ ọ́ fúnra rẹ̀. Carveco náà ń ṣe é. Ara ArtCAM, tí Autodesk dáwọ́ títà rẹ̀ dúró lọ́dún 2018, ló ti jáde. Blender jẹ́ ọ̀fẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju tiwọn lọ, àmọ́ kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ṣe é fún, ẹ ó sì pẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lò.

Ohun tó gba ọgbọ́n nínú mímọ kò sí nínú sọ́fítíwíà kankan. Ẹyẹ gidi nípọn, ẹ sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú mìlímítà 10. Bí ẹ bá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́gbọọgba, yóò dà bí ẹyẹ tí mọ́tò gùn kọjá. Ibi tí nǹkan méjì ti gorí ara wọn ni kí ẹ ná mìlímítà yín sí: ibi tí ìyẹ́ ti bo ìyẹ́, ibi tí àgógó ẹnu ti yọ níwájú ọrùn. Ikùn ẹyẹ lè tẹ́jú dáadáa kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí etí rẹ̀ bá ń ju òjìji. Mo ti gbẹ́ ẹyẹ tí àyà rẹ̀ wú ní 15, tí ìyẹ́ rẹ̀ ò fi ju 0.5 lọ yàtọ̀ síra. Ọ̀dùnkún ló jọ. Mo tún un ṣe, àyà 6, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dagun kó lè fi 2 jìn lọ sábẹ́ ìkejì rẹ̀, ẹyẹ náà sì fò.

Àǹfààní kejì ni pé ó ṣeé tún ṣe. Bí oníbàárà bá ní kí orí ga díẹ̀ sí i, orí nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn. Nínú eérú, ẹ ó tún un kùn ni, pẹ̀lú gbogbo ibi tó kan orí.

| | Fífín V | Pèpéle | Eérú | Mímọ |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń pinnu gíga? | fífẹ̀ ìlà | ẹ̀yin | ìmọ́lẹ̀ àwòrán, àfi bí ẹ bá fọwọ́ kùn ún | ẹ̀yin |
| Ohun tó bá a mu | lẹ́tà, ìlà tín-ín-rín | lógò onígun, ọ̀dà aláwọ̀ púpọ̀ | ewé, àwọsánmà, aṣọ tó ká | ẹranko, ojú èèyàn, òdòdó |
| Ibi tó ti ń kùnà | ara tó fẹ̀ | igun inú tó mú | lẹ́tà, etí tó dúró ṣánṣán | ọwọ́ ẹni tó ń kánjú |
| Níwájú kọ̀ǹpútà | ìṣẹ́jú | ìṣẹ́jú | wákàtí | ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ |
| Lórí ẹ̀rọ | kò pẹ́ | kò pẹ́ | ó pẹ́ | ó pẹ́ |

Bí yóò ti pẹ́ tó, àti bíìtì tó yẹ

Ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì yẹn yẹ ní ìṣirò. Àwọn agbẹ́gilére ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé e láìmọ̀. Ó ń fi bíìtì pẹlẹbẹ mìlímítà 6 lé ọnà ní kíákíá, ó ń fi bíi ìdajì mìlímítà sílẹ̀, kí bíìtì olórí róbótó tó wá dán an. Dídán yìí ló ń jẹ àkókò, nítorí pé ìlà wẹ́wẹ́ ló ń tọ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀.

Bí ọnà bá jẹ́ 300 sí 300 mìlímítà, tí àlàfo ìlà jẹ́ 0.3, ìlà 1,000 nìyẹn, gígùn gbogbo rẹ̀ tó mítà 300. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré 2,000 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì àbọ̀ nìyẹn, kò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀ níbi tó bá ti ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dín àlàfo kù sí 0.15, ó di wákàtí márùn-ún.

Ṣé ó yẹ kí ẹ dín in kù? Gíga ebè kékeré tí bíìtì róbótó ń fi sílẹ̀ láàárín ìlà méjì jẹ́ àlàfo ní ìlọ́po ara rẹ̀, tí a fi rédíọ́sì orí bíìtì (ìdajì fífẹ̀ rẹ̀) ní ìlọ́po mẹ́jọ pín. Bíìtì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 1, pẹ̀lú àlàfo 0.3, ń fi ebè 0.0225 sílẹ̀. Bíìtì mìlímítà 6 pẹ̀lú àlàfo 0.6, tó jẹ́ pé ìdajì àkókò ló ń gbà, ń fi 0.015 sílẹ̀. Ẹ rí i pé bíìtì ńlá yá jù, ó sì dán jù. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ẹ lo ti kékeré ni ibi tóóró tí ti ńlá ò lè wọ̀. Nítorí náà mo máa ń fi 6 dán gbogbo ẹyẹ, kí n tó fi ti 1 tọ àárín ìyẹ́ àti ojú rẹ̀ nìkan.

Igi ńkọ́? Èyí tí iṣan rẹ̀ rọ̀ mọ́ra bíi maple tàbí cherry ń di ọnà kékeré mú dáadáa. Páìnì ní ìlà líle àti ìlà rírọ̀. Bí ẹ bá fi bébà ìha kàn án, èyí tó rọ̀ á jẹ wọlé, ojú rẹ̀ á rí bí omi tí atẹ́gùn fẹ́. Iṣan ìrókò máa ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó sì lè ṣí níbi etí tín-ín-rín. MDF, pákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀ pọ̀, ò ní iṣan rárá, ó sì dára fún pèpéle tí ẹ máa kùn, ṣùgbọ́n ó ń hu irun níbi tí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ jìn, eruku rẹ̀ sì ní gọ́ọ̀mù nínú, ẹ bo imú. Pẹ́láìwúùdù fún eérú tàbí mímọ? Ẹ jọ̀ọ́. Ìpele inú rẹ̀ á yọ síta ní ìlà yíká-yíká bí àwòrán máàpù òkè, yóò sì gba ojú ẹyẹ lọ́wọ́ yín.

Ohun tí èmi yóò ṣe sí ẹyẹ náà

N kò ní yan ọ̀kan. Ẹyẹ yóò gba mímọ, òrùka yóò gba pèpéle, lẹ́tà yóò gba fífín V. Lẹ́tà kékeré tí a gbẹ́ yọ máa ń ṣẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, bíìtì róbótó kì í sì í gé igun rẹ̀ kó mú. Nítorí pé fífín V fẹ́ ojú tó tẹ́jú, mo máa ń fi ojú òrùka sílẹ̀ ní gíga pákó gan-an, kí ẹ̀rọ má fọwọ́ kàn án lásìkò lílé àti dídán, kí ẹyẹ sì yọ láti inú ilẹ̀ tí a gbẹ́ jìn ní 10 láàárín rẹ̀. Orí ẹyẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá òrùka, èyí sì ń dáàbò bò ó bí pákó bá ṣubú.

Bíìtì mẹ́rin ló máa gbé iṣẹ́ yìí: pẹlẹbẹ 6, róbótó 6, róbótó 1, àti V. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi odo kan náà. Bí ẹ bá fi ojú àárín pákó ṣe odo Z, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga, bíìtì àkọ́kọ́ ti jẹ ibẹ̀ lọ kí ìkejì tó dé, ẹ ò sì ní níbi tí ẹ ó ti wọ̀n ọ́n mọ́. Orí tábìlì ẹ̀rọ ni kí ẹ ti mú un, tàbí igun pákó kan tí bíìtì kankan ò ní dé.